Olórí onílù nínú ẹgbẹ́ fèrè alápò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn onílù ilẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀pá ìlù wà lọ́wọ́ yín. Láti Kàbbà dé Mọ́pà, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ìlù Boys' Brigade la fi ń kó ìkórè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà la fi ń sin àgbà dé ibojì. Ọ̀pọ̀ yín ti wo ẹgbẹ́ fèrè alápò ti àwọn ará Scotland lórí fóònù, ẹ gbọ́ bí ìlù ènìyàn mẹ́wàá ṣe ń dún bí ìlù ẹnì kan, ẹ wá ń béèrè bí àwa náà ṣe lè lù bẹ́ẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí. Ohun kan ni mo gbà gbọ́ lórí gbogbo rẹ̀: olórí onílù kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù, ẹni tí etí rẹ̀ ṣí jù ni.

Kí ni fèrè alápò, kí ló sì kàn án pẹ̀lú àwa tó jẹ́ pé bugle là ń fọn?

Òun ni bagpipe. Onífèrè á fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, á fi apá fún àpò náà mọ́ra, fèrè á sì máa dún láìdánudúró. Oríṣi ìlù mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé e: side drum tí ohùn rẹ̀ ń ta ṣáṣá, tenor, àti bass tó tóbi jù. Ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìlú Glasgow ni William Alexander Smith ti dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní 1883, ẹgbẹ́ náà sì dé Nàìjíríà ní 1908. Glasgow yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ fèrè alápò ti ń pàdé lóṣù kẹjọ ọdọọdún láti du ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé. Nítorí náà, bí kò tilẹ̀ sí fèrè alápò kankan ládùúgbò rẹ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lu side drum níbẹ̀ lè tún ìlù bugle tìrẹ ṣe. Ọwọ́ kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni.

Ta ni ọ̀gá, drum major ni tàbí olórí onílù?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ oníkálukú. Drum major ló ń gbé ọ̀pá gígùn níwájú, òun ló ń darí ìrìn, kò kan ìlù lílù rárá. Olórí onífèrè, tí wọ́n ń pè ní pipe major, ló ni gbogbo ẹgbẹ́: òun ló ń yan orin, òun ló ń sọ bí yóò ṣe yá tó. Olórí onílù wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Òun ló ń ṣètò ohun tí side drum yóò lù sí orin kọ̀ọ̀kan, òun ló ń kọ́ àwọn yòókù, òun ló ń fa awọ ìlù kí ohùn wọn lè bára mu. Lọ́dọ̀ tiwa, bandmaster ló sábà máa ń dúró ní ipò pipe major. Bí o bá jẹ́ olórí onílù, má ṣe bá a du ibẹ̀.

Ṣé ìlù ṣe pàtàkì tó fèrè ni? Mo rò pé a kàn ń tẹ̀ lé fèrè ni.

Ó ṣe pàtàkì gidigidi, ìdí rẹ̀ sì wà nínú fèrè náà fúnra rẹ̀. Ohùn mẹ́sàn-án péré ni fèrè alápò ní, bákan náà sì ni ariwo gbogbo wọn ṣe tó. Onífèrè kò lè rọra fọn ún, kò sì lè fọn ún kíkan ju bó ṣe wà lọ. Kò tún lè dánu dúró díẹ̀ láàárín orin kí ìparọ́rọ́ wà. Ta ni yóò wá mú orin náà relẹ̀, tí yóò tún gbé e sókè? Onílù ni. Ibi tí ìlù bá ti rọlẹ̀, etí olùgbọ́ á gbà pé gbogbo ẹgbẹ́ ló rọlẹ̀. Ibi tí ìlù bá ti bú jáde, fèrè pàápàá á dà bí ẹni pé ó pariwo sí i.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé olórí onílù á dá lu gbólóhùn kan, àwọn yòókù á dákẹ́ gbọ́, wọ́n á wá já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá kan wọn. Ẹni tó bá ti dúró ti onìyáàlù nídìí dùndún kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń gbè é. Ṣùgbọ́n ní ti side drum, ohùn gbogbo wọn rí bákan náà, nítorí náà kò síbi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Bí ọ̀pá ẹnì kan bá pẹ́ dé bó ti wù kó kéré tó, gbogbo ayé á gbọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn olórí onílù pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ orin fèrè tàbí ti bugle lórí. Kọ ọ́ lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí o tó ronú ohun tí o máa lù sí i.

Báwo ni mo ṣe lè tún ọwọ́ mi ṣe?

Má fi ìlù gidi bẹ̀rẹ̀. Ìlù gidi ń pariwo, ariwo rẹ̀ sì máa ń bo àbùkù ọwọ́ mọ́lẹ̀. Wá ègé rọ́bà táyà tí kò wúlò mọ́, kàn án mọ́ pákó pẹrẹsẹ, o ti ní páàdì. Fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí kan sí àárín rẹ̀, kó má fẹ̀ ju ìdérí ìgò míníràlì lọ, kí o fi ṣọ́ọ̀kì kun inú àti ìta rẹ̀. Lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o wá bẹ̀rẹ̀ wo ojú rọ́bà náà dáadáa. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti ṣí kúrò ni ọ̀pá rẹ ti ń bà. Lára ọ̀pọ̀ onílù, wàá rí i pé ojú ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń bà kéré, ó dúró sójú kan, tí ti òsì sì fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀. Àárín awọ àti etí awọ kì í dún bákan náà. Ẹni tí òsì rẹ̀ ń ṣáko, ohùn méjì ni ìlù rẹ̀ ń fọ̀, kò sì sí bí yóò ṣe bá ti ẹlòmíràn mu.

Nítorí náà, òsì ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. Gbogbo ohun tí o mọ̀ ọ́n fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, máa fi òsì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jókòó síwájú dígí, kí o wo bí ọ̀pá méjèèjì ṣe ń ga sí. Tí ọ̀kan bá ń gòkè ju èkejì lọ, òun ló máa dún jù.

Lẹ́yìn náà ni ìyára. Áàpù mẹ́tírónóòmù wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ bí aago. Fi í sórí 60, ìyẹn ìró ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, kí o máa lu ìlù mẹ́rin sí ìró kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí o bá lù ú fún ìṣẹ́jú méjì tí kò mì, gbé e lọ sí 64. Ẹni tó bá fò láti 60 bọ́ sí 100 á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ á kàn máa dà rú kíákíá ni. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sì dára ju odidi ọ̀sán Sátidé kan lọ.

Ní ti ohun tí wàá máa lù, àwọn ìpìlẹ̀ kò pọ̀ bí wọ́n ṣe ń rò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀tún, òsì. Méjì-méjì: ọ̀tún-ọ̀tún, òsì-òsì. Paradiddle: ọ̀tún-òsì-ọ̀tún-ọ̀tún, òsì-ọ̀tún-òsì-òsì. Flam, níbi tí ìlù kékeré kan ti ń ṣáájú ìlù ńlá díẹ̀ bíńtín. Drag, níbi tí kékeré méjì ti ń ṣáájú. Róòlù, ìlù tó ń dún lọ gbọọrọ láìjá, ló kù, òun ló sì le jù. Nínú róòlù ẹgbẹ́ fèrè alápò, o máa tẹ ọ̀pá mọ́ awọ díẹ̀ kó lè gbọ̀n fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ kejì sì ti gbà á kí ti àkọ́kọ́ tó kú. Bí etí bá ṣì lè mọ ibi tí ọwọ́ ti ń pààrọ̀, róòlù náà kò tíì jinná.

Ohun kan tún wà tí àwa ọmọ Yorùbá ní lọ́fẹ̀ẹ́: a mọ̀ ọ́n fi ẹnu lu ìlù. Lò ó. Kí ẹnu ti lu gbólóhùn náà délẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Ibi tí ẹnu bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ máa ti kọsẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe di ọ̀pá mú?

Ọwọ́ ọ̀tún á dì í mú látòkè. Ní ti òsì, ìlànà àtijọ́ ni pé kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ òkè díẹ̀, kí ọ̀pá wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kó sì sinmi lórí ìka tó ṣìkejì ọmọńdinrín. Ìgbà tí wọ́n ń gbé ìlù kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tó sì ń dagun ni èyí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ fèrè alápò ṣì ń lò ó. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí gbogbo ìlà onílù rẹ ṣe é bákan náà.

Ṣé dandan ni kí n mọ ìwé ìlù kà?

Kì í ṣe dandan láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ jẹ́ olórí, kọ́ ọ. Kò le. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: àmì tó wà lókè ìlà jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti òsì. Fritz Berger, ará Basel ní Switzerland, ló gbé ọ̀nà ìkọ̀wé yìí kalẹ̀. Ìlù àwọn ará Basel ló sì tún fún ìlù Scotland ní ẹ̀mí tuntun, nípasẹ̀ Alex Duthart (1925 sí 1986), tó jẹ́ olórí onílù ẹgbẹ́ Shotts and Dykehead. Duthart tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń lù ní Basel, ó mú èyí tó wúlò nínú rẹ̀ wá sídìí fèrè alápò, títí di òní ni wọ́n sì ń lu ohun tó fi sílẹ̀. Wá ìlù rẹ̀ gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá ti Jim Kilpatrick náà gbọ́, ẹni tó gba ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé nínú ìdíje onílù adálù nígbà 16. Tí data rẹ bá kéré, wà á jáde lẹ́ẹ̀kan kí o máa gbọ́ ọ lórí fóònù.

Kí ló dé tí ìlù wa máa ń sáré bí a bá ń yan lójú ọ̀nà?

Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ á fẹ́ sáré, bass á tẹ̀ lé ẹsẹ̀, side drum á tẹ̀ lé bass, nígbà tí ẹ bá fi dé ìsàlẹ̀ ẹni tó ń fọn bugle kò ní èémí mọ́. Ìyàn quick march àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìgbésẹ̀ 116 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè mú un bí òṣùwọ̀n, ẹ sì lè dín in kù fún ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí ẹ mú.

Ẹni tó ń lu bass ni kí olórí onílù fojú sí, kì í ṣe àwọn èrò tó ń wòran. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú pé bí ọ̀nà bá ti ń sọ̀, ìgbésẹ̀ ni ẹ máa kúrú, ìlù kò ní yí padà. Bí ó bá ti sáré ná, má ṣe fi agbára fà á padà lójijì, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á dà rú. Dín ohun tí side drum ń lù kù, kó ṣẹ́ ku ìlù tó ṣe kedere, kí o rọra mú un padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn òde, gbọ́ ohun tí fóònù gbà sílẹ̀: fi mẹ́tírónóòmù wọn ìbẹ̀rẹ̀, fi wọn ìparí. Nọ́ńbà méjèèjì ni kí o fi han ẹgbẹ́ dípò kí o bínú sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi mí ṣe olórí onílù, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ìlà. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn wí?

Ìbéèrè yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rú nílẹ̀ wa ju ìlù fúnra rẹ̀ lọ. Kọ́kọ́ kí wọn bó ṣe yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n, lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí o bá nílò wọn nìkan. Bí ìdánrawò bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí o sọ nípa ìlù ló gbọ́dọ̀ dúró, ṣùgbọ́n “ẹ” ni wàá fi sọ ọ́.

Má ṣe dárúkọ ẹ̀gbọ́n tó ṣi ìlù lójú àwọn ọmọdé. Sọ fún gbogbo onílù pé, “Ẹ jẹ́ ká tún ìlà kejì orin yìí lù.” Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á ti mọ̀. Bí kò bá yí padà, rí i ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìdánrawò: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìlà kejì yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ẹ lù ú kí n gbọ́, kí èmi náà lù ú kí ẹ gbọ́.” Jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi etí mú ìyàtọ̀ náà. Àgbà tí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ hàn án báyìí kì í sábà takú.

Fún wọn ní iṣẹ́ tó bá ọjọ́ orí wọn mu pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́ lè jẹ́ bass tó dúró ṣinṣin jù, nítorí kì í bẹ̀rù ariwo ọjà. Òun náà ló yẹ kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń dúró.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Má pe ọmọ kankan ní olódo nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tètè yí. Mo mọ irú ìpalára tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe, ọmọ á gbé ọ̀pá sílẹ̀, kò ní padà wá mọ́.

Kí ni kí n ṣe sí ẹni tí kò lè lu ohun tí àwọn yòókù ń lù?

Tún ìlù náà kọ fún un. Ẹni tí kò tíì mọ róòlù lè dákẹ́ níbi róòlù, kó sì wọlé níbi ìlù líle. Tó bá wọlé lásìkò, ẹgbẹ́ á dún dáadáa ju bó bá ń gbìyànjú gbogbo rẹ̀ lọ. Fún ìkórè àti ìyàn lójú títì, gbogbo ènìyàn ni kó lù. Fún ìdíje, èrò mi kò fara pamọ́: onílù mẹ́rin tí ọwọ́ wọn pa pọ̀ ni kó jáde, kì í ṣe mẹ́jọ tí oníkálukú ń lu tirẹ̀. Sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tó kù kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí ni àwọn adájọ́ ń gbọ́ nínú ìdíje fèrè alápò?

Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o ní Scotland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930, ní adájọ́ mẹ́rin níbi àwọn ìdíje ńlá rẹ̀: méjì ń gbọ́ fèrè, ọ̀kan ń gbọ́ ìlù, ọ̀kan ń gbọ́ bí fèrè àti ìlù ṣe wọnú ara wọn. Adájọ́ ìkẹrin yẹn ni kí o máa rò. Ìlù lè yá, kó dán, síbẹ̀ kó pàdánù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò bá orin sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn pàápàá le: ìlù á lu róòlù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí orin tó bọ́ síta. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti fi róòlù méjì yẹn sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ máa fi í ṣe ìdánrawò lọ́tọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ìlù lákòókò ọyẹ́ àti òjò?

Awọ oníkẹ́míkà tí a ń lò báyìí kì í yí padà púpọ̀ bíi ti awọ ẹran. Eruku ọyẹ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó máa ń kó sínú àwọn irin wíníwíní tó ń jẹ́ kí side drum ta. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n. Lákòókò òjò, nu gbogbo irin rẹ̀ gbẹ, kí o fi epo díẹ̀ sí ẹnu àwọn ìdè, ìyẹn irin tí a ń yí láti fa awọ. Má ṣe gbé ìlù sórí sìmẹ́ǹtì tútù, má ṣe fi í sínú oòrùn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Bí o bá ń fa awọ, ìdè tó dojú kọ ara wọn ni kí o máa yí, díẹ̀díẹ̀, kí o fi ọ̀pá kan awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè kọ̀ọ̀kan títí ohùn gbogbo wọn á fi dọ́gba. Ìkìlọ̀ kan: ìlù fèrè alápò ní awọ Kevlar, okùn tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀, ara ìlù náà sì nípọn láti gbà á. Má ṣe fa ìlù Brigade lásán le tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé o fẹ́ kó dún bí ti orí fóònù. Ó máa tẹ̀ kọ́rọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ìlù lè ba etí jẹ́?

Òótọ́ ni. Ohùn side drum tí wọ́n fà le máa ń kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní decibel, bẹ́ẹ̀ etí tó bá bà jẹ́ báyìí kì í padà sípò. Ra rọ́bà tí a fi ń dí etí, kì í wọ́n. Ẹ má ṣe ìdánrawò nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣé ọmọbìnrin lè jẹ́ olórí onílù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ní kó má ṣe é. Ẹ dán an wò bí ẹ ṣe ń dán ọkùnrin wò, kí ẹ sì fi ìlù lé e lọ́wọ́ bó bá yege.

Kí ni kí olórí onílù mú dání lọ́jọ́ òde?

Ọ̀pá méjì sí i, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí ìdè, aṣọ gbígbẹ, rọ́bà tí a fi ń dí etí. Dé síbẹ̀ ṣáájú kí o lè gbọ́ bí ìlù ṣe ń dún ní gbangba, nítorí ohùn inú gbọ̀ngán àti ohùn pápá kì í ṣe ọ̀kan. Kó ìlà rẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ lu ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa lù lórí páàdì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìpariwo. Tí ọ̀pá ẹnì kan bá já bọ́ láàárín òde, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ he e. Kó yọ ọ̀pá mìíràn tó ti fi há ìgbànú rẹ̀, kó dúró de ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, kó wọlé níbẹ̀. Kí gbogbo wọn ti mọ èyí láti ilé.